Yàrá Màmá Mi àti Dísìkì Alfa

Òtútù ni ohun àkọ́kọ́ tó máa ń padà wá sí mi lọ́kàn. Inú ooru ni mo dàgbà sí ní Ìjẹmọ̀, nítorí pé aláró ni màmá mi, kò sì sí ọjọ́ kan tí iná kì í jó lábẹ́ ìkòkò kan ní àgbàlá wa. Nígbà tí mo wá wọ yàrá kọ̀ǹpútà ní Òkè-Ìléwó fún ìgbà àkọ́kọ́, tí afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù bà mí láti orí dé ẹsẹ̀, mo rò pé ibà ló fẹ́ kì mí mọ́lẹ̀. Mo fa ìborí mi mọ́ ọrùn, mo ní "Bísímílláhì", mo sì wọlé. Ìpínlẹ̀ Ògùn kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà. Ilé kéwú ni mo ti kọ́kọ́ mọ ìwé kà, lẹ́yìn náà ni mo lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama àwọn Mùsùlùmí, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọdún méjì kọ́ nípa kọ̀ǹpútà ní Èkó tán ni. Ìwé ẹ̀rí mi wà nínú báàgì mi. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi gbé e dání lọ síbi iṣẹ́, bóyá ẹnì kan á bi mí léèrè rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò bi mí.

Ilé iṣẹ́ kékeré kan ni, tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ fún àwọn ọ́fíìsì tí kò lágbára láti ra tiwọn. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó gùn tó kọ́bọ́ọ̀dù mẹ́ta tí wọ́n tò tira. Dísìkì rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí àwọn ọmọ òde òní mọ̀. Bí àwo ńláńlá tí wọ́n fi ọ̀pá kan gún láàárín ni ó rí, inú àpótí kan tó tó àgbá aró ló sì ti ń yí láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, tó ń hó bí ẹni tí inú ń bí. Ọkùnrin tó ń bójú tó téèpù, tí a máa ń ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ inú ẹ̀rọ sí, ni Ọ̀gá wa fà mí lé lọ́wọ́. Ọmọ Ìgbẹ̀ìn ni, akọrin ni nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ó sì dàgbà jù mí lọ dáadáa. Bọ̀dá Onítéèpù ni gbogbo wa ń pè é. Òun ló mú mi yí yàrá ká.

"Èyí ni ẹ̀rọ àwọn onílé ìwé," ni ó wí, ó sì nawọ́ sí ẹ̀rọ ńlá náà. "Èyí ni ti àwọn oníṣègùn. Èyí sì ni ti ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣètò Mẹ́kà."

Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lójú kan náà.

"Bọ̀dá, ẹyọ kan ni mo rí."

"Ẹyọ kan náà ni."

"Àwọn yòókù wá dà?"

"Inú rẹ̀ ni wọ́n wà."

Mo yí lọ sẹ́yìn ẹ̀rọ náà, mo bẹ̀rẹ̀, mo wò ó. Wáyà ni mo rí, àti eruku díẹ̀.

"Kí lò ń wá níbẹ̀, Àlàájà kékeré?"

"Ẹ̀rọ àwọn oníṣègùn ni, sà."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wá àga jókòó. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti pẹ́ lọ síbi kan, á ní mo ti tún lọ wá ẹ̀rọ àwọn oníṣègùn.

Ó ṣàlàyé fún mi nígbà tó yá. Ètò kan ló wà nínú ẹ̀rọ ńlá náà tó ń pín in fún àwọn oníbàárà. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan gba ìpín tirẹ̀, ìpín náà á sì máa ṣe bíi pé odidi kọ̀ǹpútà ni òun, òun nìkan, kò sí ẹlòmíì láyé. Ó ní dísìkì tirẹ̀, ó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tirẹ̀. Ṣùgbọ́n dísìkì yẹn pàápàá, apá kan lára dísìkì ńlá ni, láti ibí dé ibí, bí wọ́n ti kọ ọ́ sínú àkójọ kan tí à ń pè ní ìwé ìpín. Mo ní ó ti yé mi. Kò yé mi rárá. Mo délé, mo dùbúlẹ̀, mo sì ń rò ó pé bí ẹ̀rọ kan kò bá sí, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ̀ pé òun kò sí, ta ló wá ń ṣiṣẹ́?

Ohun tó tún dà mí láàmú jùyẹn lọ ni ti ẹ̀sìn. Akọ̀wé ẹgbẹ́ tó ń ṣètò Mẹ́kà yìí, Alfa tó kọ́ mi ní kéwú ni. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ọwọ́ mi lórí wàláà nígbà tí mo wà ní kékeré. Ní gbogbo ìgbà tó bá wọlé, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Báwo ni ẹ̀rọ wa?" Èmi náà á ní, "Ó wà dáadáa, Alfa." Ara mi kì í balẹ̀ lẹ́yìn náà. Ṣé irọ́ kọ́ ni mò ń pa fún olùkọ́ mi? Lọ́jọ́ kan, mi ò lè mú un mọ́ra mọ́, mo sọ òótọ́ fún un pé kò sí ẹ̀rọ kankan tó jẹ́ tiwọn.

"Orúkọ tí mo bá gbé wá, ṣé mo máa ń bá a níbẹ̀ tí mo bá padà wá?"

"Ẹ máa ń bá a, Alfa."

"Ó ti tó. Ọmọ yìí, ìwọ a máa fẹ́ wo abẹ́ ohun gbogbo." Ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, orúkọ màmá mi wà lára àwọn tó fẹ́ lọ sí Mẹ́kà. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú ló ti ń ronú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú títí dé ìgbọ̀nwọ́ nítorí aró, ó sì máa ń wò wọ́n nígbà míì, á ní ṣé wọn ò níí lé òun padà níbẹ̀, kí wọ́n ní kí òun lọ fọ ọwọ́ òun wá. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Ìbàdàn ní, bí màmá bá lọ tí wọ́n bá bọ̀, èrò tó máa wá kí wọn kò níí gba yàrá. Ó sì rán bíríkìlà láti fa yàrá náà gùn sẹ́yìn. Bíríkìlà kọ́ ògiri mẹ́ta sí ẹ̀yìn ilé, ó kan páànù, ó sì lọ síbi iṣẹ́ míì láìwó ògiri àtijọ́ tó wà láàárín. Bí àwọn ará ilé bá ní, "Ẹ kú oríire yàrá ńlá," màmá mi á ní, "Wọ́n ní ó ti tóbi. Ẹ wọlé, ẹ wá bá mi wá ibi tó tóbi dé."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àtàláátà kan, Alfa wọlé pẹ̀lú ìwé gígùn lọ́wọ́. Orúkọ àwọn ará Ìjẹmọ̀ àti Ìgbẹ̀ìn ni, àwọn tó kù sẹ́yìn. Ó ní Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni òun máa gbé àkójọ gbogbo orúkọ lọ sí Èkó, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, ó di ọdún mìíràn. Mo gba ìwé náà. Orúkọ màmá mi ni ìkẹrin láti ìsàlẹ̀. Mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ wọ́n wọlé. Mi ò tíì tẹ mẹ́wàá tí ẹ̀rọ náà fi kọ̀wé sí mi pé dísìkì ti kún.

Ọ̀gá wa ti lọ sí Èkó nítorí ohun èlò kan tó bàjẹ́, tẹlifóònù tó wà lórí tábìlì rẹ̀ kì í sì í ṣiṣẹ́ ju ọjọ́ méjì lọ nínú ọ̀sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn, ó ti ṣe méjì tirẹ̀ tán. Bọ̀dá Onítéèpù ní kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Ó ti rí Ọ̀gá níbi tó ti ń ṣe é: inú ìwé ìpín ló máa ń wọ̀, á wá ìlà oníbàárà náà, á yí nọ́ńbà ìparí padà, ìpín á sì gùn sí i. Ó mú bébà tó ya dísìkì ńlá náà sí jáde, ó fi hàn mí pé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpín ẹgbẹ́ Mẹ́kà, ilẹ̀ ṣófo ni. Kò sí aládùúgbò tí a máa gba ilẹ̀ rẹ̀. Inú mi dùn. Mo yí nọ́ńbà náà padà, mo pa ẹ̀rọ ẹgbẹ́ náà, mo tún un tàn, mo tẹ orúkọ kan.

Dísìkì ti kún.

Mo rò pé bóyá ohun tí mo fi kún un ló kéré. Mo tún fi kún un, ó di ìlọ́po méjì. Dísìkì ti kún. Mo bi ẹ̀rọ ńlá pé báwo ni ìpín àwọn ẹgbẹ́ Mẹ́kà ṣe tóbi tó, ó sọ iye tuntun. Mo wọ inú ẹ̀rọ ẹgbẹ́ Mẹ́kà, mo bi í bí dísìkì òun ṣe tóbi tó, iye àtijọ́ ló sọ, kò tilẹ̀ ṣiyèméjì. Ẹ̀rọ kan náà ni o. Òun ló ń dá mi lóhùn níta, òun náà ló ń jiyàn nínú. Mo lọ kírun Àìlà, ọkàn mi kò sì kúrò nínú nọ́ńbà, débi pé mi ò mọ̀ bóyá rákà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni mo kí. Mo tún un kí láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Bọ̀dá, èwo ló ń purọ́ nínú àwọn méjèèjì?"

"Bóyá ẹ̀rọ àwọn oníṣègùn ló mọ̀," ni ó wí. Ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà lára àwọn ará Ìgbẹ̀ìn yẹn.

Ní ọjọ́ Àlàrùba, mo ka ìwé ìlànà tó nípọn bí bíríkì láti àárọ̀. Bí mo bá ka ojú ewé kan, á ní kí n lọ wo òmíràn, òmíràn náà á sì dá mi padà. Níkẹyìn mo rí àṣẹ kan tí wọ́n ní ó ń tún dísìkì tò kó lè mọ bí òun ti tóbi tó. Mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ náà bi mí pé ṣé mo mọ̀ pé gbogbo ohun tó wà lórí dísìkì yìí ni yóò parẹ́, ṣé kí òun máa bá a lọ? Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀, mo sì fi ọgbọ́n orí mi tu ara mi nínú pé apá tuntun tó ṣófo yẹn ló ń sọ, kí ló wà níbẹ̀ tó máa parẹ́? Síbẹ̀ ọwọ́ mi kọ̀, kò tẹ̀ ẹ́. Mo wo aago. Mo ti ṣèlérí fún màmá mi pé mo máa wà nílé ní ọ̀sán nítorí bíríkìlà ń bọ̀ wá wó ògiri.

"Bọ̀dá, mò ń bọ̀. Ó lè jẹ́ pé Ọ̀gá á dé kí n tó dé. Tí aago méjì bá lù tí ẹ ò rí èmi tàbí òun, ẹ bá mi dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ká má baà fi àkókò ṣòfò."

Mo máa ń rántí gbólóhùn yẹn, ara mi á sì bù máṣọ.

Mo délé, mo bá bíríkìlà pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́, màmá mi sì dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì di ibẹ̀.

"Ìyá, yàrá yín ti tóbi," ni bíríkìlà ń wí. "Ògiri yìí nìkan ni kò jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Ẹ yà fún mi."

"Màmá, ẹ jẹ́ kó wó o jàre," ni èmi náà wí, nítorí mò ń kánjú. "Ó ní kò níí pẹ́."

Màmá mi wò mí bí ìgbà tí mo bá da aró nù.

"Kò níí pẹ́, àbí? Aṣọ tí mo fi gbogbo ọdún pa wà nínú ibẹ̀ yẹn, kí eruku ògiri wá kó lé e lórí nítorí pé kò níí pẹ́? Ìwọ tó o kàwé, níbo lo ti rí ẹni tó ń wó ògiri lé ẹrù lórí? Bíríkìlà, ẹ jókòó. Yàrá tó ti tóbi kò níí sá lọ. Ẹ jẹ́ kí n kó ẹrù mi jáde ná."

Kò sí bí mo ṣe fẹ́ ṣe é, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a rù ú. Mo ru ìdì aṣọ kìíní lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ru èkejì. Ìgbà tí mo ru ẹ̀kẹta ni mo dúró ní àárín ọ̀nà, ìdì aṣọ wà lórí mi. Yàrá tó ti tóbi níta tí kò tíì tóbi nínú. Ògiri tí a gbọ́dọ̀ wó. Ẹrù tí a kò tíì kó jáde. Gbogbo ohun tó wà lórí dísìkì yìí. Gbogbo rẹ̀, kì í ṣe apá tó ṣófo. Orúkọ gbogbo ará Ẹ̀gbá tó ń lọ sí Mẹ́kà lọ́dún yẹn, tí Alfa ti ń kó jọ láti oṣù mélòó kan, a kò sì tíì kó ọ̀kankan nínú wọn sórí téèpù. Mo sọ aṣọ sílẹ̀.

"Kí ló ṣe ẹ́?" ni màmá mi pariwo.

"Màmá, orúkọ yín!"

"Orúkọ mi ṣe báwo?"

Mo ti dé títì. Takisí tí mo wọ̀ dúró gbé èrò lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó dé Òkè-Ìléwó. Mò ń ka Fátíhà, mò ń kà á kọjá ibi tó yẹ kí n dúró, mo sì ń bẹ̀rẹ̀ látòkè. Nígbà tí mo wọlé, aago tó wà lára ògiri ti kọjá méjì. Bọ̀dá Onítéèpù jókòó síwájú ẹ̀rọ, ó ń jẹ ẹ̀pà.

"Àlàájà kékeré, o dé. Mo ti dá a lóhùn o."

Mo di ẹ̀yìn àga rẹ̀ mú. "Kí lẹ sọ fún un?"

"Ohun tó o rán mi ni. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ó kọ ìlà kan tí mi ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ó sì dákẹ́ láti ìgbà yẹn."

Mo sún mọ́ ojú ẹ̀rọ náà. Ó wà níbẹ̀ gbangba, ní lẹ́tà ńlá, láìsí àmì: BEENI. Yẹ́ẹ̀sì nìkan ni ẹ̀rọ náà máa ń gbà fún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá fi ohunkóhun mìíràn dá a lóhùn, ńṣe ló máa ka iṣẹ́ náà sí ohun tí a fagi lé. Bọ̀dá kì í ṣe ẹni tó máa ń fọwọ́ kan ibi ìtẹ̀wé, téèpù àti bébà ni iṣẹ́ tirẹ̀. Mo bi ẹ̀rọ náà léèrè àwọn orúkọ. Ó tò wọ́n jáde, láti orí ẹni àkọ́kọ́.

"Ṣé mo ṣì í ni?" ni Bọ̀dá bi mí. "Èdè tó o fi rán mi ni mo fi jíṣẹ́."

Mo wólẹ̀, mo fi iwájú orí kan ilẹ̀ tútù yẹn, mo dúpẹ́. Bọ̀dá rò pé mo dákú ni, ó da ẹ̀pà nù.

Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un, kò ṣe yẹ̀yẹ́ kankan. Ó dìde, ó mú téèpù méjì sọ̀kalẹ̀. "Méjì la máa kó o sí," ni ó wí, "ọ̀kan lè já." A kó gbogbo orúkọ náà jáde sórí téèpù kìíní, a kó wọn sórí èkejì. Ó ní a ò tíì tán, kí n tẹ ohun tó wà lórí téèpù sórí bébà kí òun fi ojú ara òun rí i. Nǹkan bí ìrọ̀lẹ́ Àlàmísì ni mo tó padà sí ìbéèrè yẹn, mo sì tẹ yẹ́ẹ̀sì fúnra mi. Dísìkì náà ṣófo fẹ́ẹ́. Mo bi í bí ó ti tóbi tó. Iye tuntun ló sọ. A dá àwọn orúkọ padà sínú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo wá tẹ àwọn tó kù. Nígbà tí mo dé orí ìkẹrin láti ìsàlẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, bí ìgbà tí Alfa ń mú ọwọ́ mi lórí wàláà.

Alfa dé láàárọ̀ Jímọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ṣé orúkọ mi wà níbẹ̀?"

"Ó wà, Alfa."

"Ti ìyá rẹ ńkọ́?"

"Ó wà."

"Orúkọ tó wà lọ́dọ̀ Ọlọ́run, dísìkì kan ò lè pa á rẹ́," ni ó wí, ó sì ń ká bébà náà jọ. "Ṣùgbọ́n àwọn ará Èkó ò lè ka ìwé tó wà lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Nítorí náà, o ṣeun, ọmọ mi."

Màmá mi lọ, ó sì bọ̀, àlùhámúdùlílà. Kò sẹ́ni tó lé e padà nítorí ọwọ́ rẹ̀. Bíríkìlà ti wó ògiri àárín kó tó dé, èrò sì kún yàrá náà lọ́jọ́ tó dé títí dé ògiri ẹ̀yìn pátápátá. Bọ̀dá Onítéèpù wá láti Ìgbẹ̀ìn. Màmá mi bu omi sámúsámù tó gbé bọ̀ láti Mẹ́kà fún un, ó sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó ní ṣé kò sí ti ẹ̀rọ àwọn oníṣègùn. Nígbà tí èrò túká, màmá mi tẹ́ ẹní rẹ̀ síbi tó ti máa ń tẹ́ ẹ, ní ìhà ti àtijọ́. Gbogbo ọdún tó tún lò láyé, kò sùn ní ìhà kejì rí. Aṣọ ló ń kó síbẹ̀. Mo máa ń sọ pé, "Màmá, yàrá yín tóbi o," á ní òun mọ̀.

Ọmọ mi obìnrin ló ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn báyìí. Ẹ̀rọ tí kò sí ti wá pọ̀ ju èyí tó wà lọ. Lọ́jọ́ kan tó wá kí mi, ó ní òun ti fi kún dísìkì ọ̀kan nínú wọn, ẹ̀rọ náà sì ń sọ pé òun ò rí nǹkan kan. Mo bi í bóyá ó ti kó ẹrù jáde. Ó ní ti ayé ìsinsìnyí kò gba ìyẹn mọ́, a kàn máa sọ fún inú pé ìta ti gùn ni. Mo ní kó kọ́kọ́ kó ẹrù jáde. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó kó o. Bí ẹ bá bi mí lónìí pé kí ni ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ yẹn jẹ́ gan-an, mi ò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé mo mọ̀.

Yàrá màmá mi ṣì wà ní Ìjẹmọ̀. Ní àárín ilẹ̀ rẹ̀, ìlà kan wà nínú sìmẹ́ǹtì níbi tí ògiri àtijọ́ dúró sí, ó ga díẹ̀ ju ilẹ̀ yòókù lọ. Bí mo bá lọ síbẹ̀, orí ìlà náà ni mo máa ń tẹ́ ẹní ìkírun mi lé. Ẹsẹ̀ mi á wà ní ìhà tí màmá mi ń sùn, bí mo bá sì forí kanlẹ̀, ìhà tuntun ni iwájú orí mi máa ń bà.